Kọ́kọ́ Bi Ẹ̀rọ Rẹ Léèrè

Darkuman, Accra,
Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú.

Àṣàkẹ́ mi, Ráfíátù ọmọ Múfútáù,

O kú iṣẹ́, o kú ìdúró, o kú àìfararọ. Ìyá rẹ kí ọ. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá ò ń jẹun dáadáa, mo ní mi ò ní bi ọ́, torí mo gbọ́ ohùn rẹ lórí fóònù lánàá, ohùn ẹni tí ebi ń pa kì í le tó yẹn.

Mo mọ̀ pé bí o bá rí i pé Yorùbá ni mo fi kọ̀wé yìí, wàá mí kanlẹ̀. Ẹ̀yin tí a bí sí Ghana, ẹ máa ń gbọ́ èdè wa ju bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ lọ, ẹ sì máa ń kà á bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Kà á bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn. Bí mo bá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, wàá sáré kà á tán kí tíì rẹ tó tutù, wàá sì tún ṣe ohun tó wà lọ́kàn rẹ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àná ni mo fẹ́ sọ. O pè mí láti ọsibítù tí wọ́n gbà ọ́ síṣẹ́ ní Ho, inú ń bí ọ. O ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú ara ọmọ tuntun gbóná kan wà níbẹ̀, tí àgbàlagbà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ jù yín lọ tún ṣe, ẹni tí gbogbo yín ń pè ní Ẹfò Kójò bí àwọn Ẹ̀wẹ̀ ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n. O ní o gbé síkóòpù tí mo fún ọ lé e láti wo bí iná ṣe ń rìn nínú rẹ̀, o sì rí i pé ìlà iná tó yọ lójú síkóòpù kò mọ́, irun hù sí i lára látòkè délẹ̀. O ní ó dá ọ lójú pé ọkùnrin náà kò lo kapásítọ̀ tuntun, èyí tó ń mú iná tẹ́jú, tí wọ́n fún un, pé ògbólógbòó ló fi sí i, àti pé lọ́jọ́ Ajé wàá kọ̀wé fún ọ̀gá yín. O tún ṣàròyé pé bátìrì síkóòpù náà kì í pẹ́ tán, pé ojú iná lo máa ń fi í sí bí o bá ń ṣiṣẹ́. Mo ní kí o ṣe sùúrù. O ní, "Dádì, mo fi ojú ara mi rí i."

Mo dákẹ́. Ò ń ṣe hẹ́lò, hẹ́lò, o rò pé nẹ́tíwọ̀kì ló já. Kì í ṣe nẹ́tíwọ̀kì. Ọ̀rọ̀ tí o sọ yẹn, èmi náà ti sọ irú rẹ̀ rí níwájú ogójì ènìyàn, ó sì ba orúkọ ọkùnrin kan jẹ́. Nígbà tí ọkàn mi balẹ̀, mo fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ pé kí o má kọ ohunkóhun títí lẹ́tà mi yóò fi dé. O fèsì pé "Okay Daddy." Mo mọ okay tìrẹ. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó ti ìwé yìí látìgbà tí mo ti kírun àsùbáà tán, kí n lè gbé e fún awakọ̀ Ho ní gáréèjì Tudu kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó kún.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìyanu ti kọ́kọ́ bá mi. Ogún ọdún gbáko ni mo fi tún rédíò ṣe kí n tó fojú kan iná. Mo ti fọwọ́ kàn án, ó ti gbá mi, ó ti jó mi níka, mo ti gbọ́ òórùn rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò rí i rí. Ọ̀gá wa, Bàbá Lásísì, tó kọ́ èmi àti Yákúbù ẹlẹgbẹ́ mi níṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá Tudu, kò ní ju tẹ́sítà alábẹ́rẹ́ kan lọ. Etí ló fi ń ṣe ìyókù.

Lọ́jọ́ tí mo rí síkóòpù yẹn, inú ẹrù òkèèrè tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ló wà, láàárín fáànù tó ti kú àti wáyà tó lọ́ mọ́ra. Kò ní ṣájà. Mo ra ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri ọjà láàárín ọkọ̀ ní Circle, mo gbé e wálé, mo fi imú ṣóńṣó okùn rẹ̀ kan inú rédíò kan tó ń kọrin. Àṣàkẹ́, orin náà yọ sójú gíláàsì. Ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀, ó ń mí. Mo gbé ọwọ́ lérí. Mo pe ìyá rẹ láti ìdí ìkòkò, mo ní kó wá wo ohun tí Ọlọ́run fi pamọ́ fún wa láti ọjọ́ yìí.

Níṣojú rẹ̀ ni mo fi ìka mi kan imú okùn náà, láìfi kan ohunkóhun mìíràn. Ìgbì ńlá kan dìde lójú ẹ̀rọ, ó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìyá rẹ sún sẹ́yìn. Ó ní, "Bàbá Ráfíà, kí lẹ jẹ tí iná fi wà lára yín?" Ìgbà tó yá ni mo tó mọ̀ pé iná gbogbo àdúgbò ni, tó ń gba inú afẹ́fẹ́ wọ ara wa lójoojúmọ́, bí a ti ń jẹ kẹ́ńkẹ́, bí a ti ń jà, bí a ti ń kírun. Gbogbo wa la dà bí eriálì. Títí dòní, bí mo bá rántí rẹ̀, orí mi a máa wú.

Ṣùgbọ́n ìyanu máa ń sọ ènìyàn di òmùgọ̀ bí kò bá ṣọ́ra. Bàbá Lásísì ní òfin kan. Kí o tó fi tẹ́sítà kan rédíò oníbàárà, wàá kọ́kọ́ fi imú okùn pupa rẹ̀ kan imú okùn dúdú, kí o rí i pé abẹ́rẹ́ lọ sórí òdo. Bí o bá gbàgbé, á rọra gbá ọ lórí, á ní, "Ṣé o ti bi ẹ̀rọ rẹ léèrè?" Yákúbù kì í gbàgbé. Èmi ni orí mi máa ń gbà á. Nígbà tí mo wá di oní-síkóòpù, tí kò ní abẹ́rẹ́, tí kò ní ibi tí a ti ń yí i sí òdo, mo ní ayé ti kọjá òfin bàbá arúgbó.

Nígbà náà ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Darkuman níbí ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan tó ń lo bátìrì mọ́tò, nítorí dọ́msọ̀, iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí oyin. Ẹgbẹ́ ránni ra kapásítọ̀ tuntun, wọ́n gbé e fún Yákúbù, ó tún ẹ̀rọ ṣe, kíkùn kò lọ. Ni alága bá ní kí wọ́n pe Múfútáù oní-síkóòpù. Orúkọ tí wọ́n ń pè mí nìyẹn, ó sì ń dùn mọ́ mi.

Ọjọ́ ìpàdé ni. Mo kó síkóòpù jáde, mo ki ṣájà rẹ̀ bọ iná torí bátìrì rẹ̀ kò lágbára, mo fi okùn kan ẹsẹ̀ kapásítọ̀. Ìlà tó yẹ kó tẹ́jú hu irùngbọ̀n. Mo gbé ojú ẹ̀rọ náà sókè, mo yí i káàkiri kí gbogbo àgbà lè rí i, bí ìgbà tí ènìyàn ń fi ọmọ tuntun han ẹbí. Mo ní, "Kapásítọ̀ tuntun kò sí nínú ẹ̀rọ yìí. Ẹ̀yin náà ẹ rí i. Ẹ̀rọ kì í purọ́." Mi ò pè é lólè. Kò sí ẹni tó wà níjòókòó tí kò mọ ohun tí mo wí.

Yákúbù dìde. Kò bínú, kò búra. Ó kàn wò mí, ó ní, "Múfútáù, ṣé o ti bi ẹ̀rọ rẹ léèrè?"

Mo rẹ́rìn-ín, Àṣàkẹ́. Àwọn ènìyàn bá mi rẹ́rìn-ín. Ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó kí àwọn àgbà, ó jáde. Oṣù yẹn kò tíì parí tó fi ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, tó kó lọ sí Aflao lẹ́nu ibodè. O wà ní praimárì fọ́ọ̀ nígbà yẹn. Òun ló máa ń ra tọ́fì fún ọ. O bi mí títí pé níbo ni Ọ́ńkù Yákúbù wà, mo ní ó rìnrìn àjò.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ ẹgbẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pé kí n parí rẹ̀. Mo yọ kapásítọ̀ Yákúbù, mo jù ú sínú agolo mílíìkì tí mò ń kó àlòkù sí, mi ò tilẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi òmíràn sí i, irun wà níbẹ̀. Mo tún pààrọ̀ rẹ̀, irun wà níbẹ̀. Mo bú ẹni tó tà á fún mi, mo bú ẹni tó ṣe é. Oṣù ń gorí oṣù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, níbi tí mo ti tẹjú mọ́ ọn, iná lọ. Ẹ̀rọ ẹgbẹ́ ń lo bátìrì mọ́tò rẹ̀ lọ ní tiẹ̀, síkóòpù sì ní bátìrì díẹ̀ nínú. Mo wo ojú rẹ̀. Irun ti lọ. Ìlà náà tín-ín-rín bí òwú abẹ́rẹ́, ó dúró jẹ́ẹ́. Fáànù dákẹ́, rédíò aládùúgbò dákẹ́, ẹ̀rọ ìlọta òpópónà dákẹ́, mo sì jókòó síbẹ̀ tí mò ń wo ìdákẹ́jẹ́ náà lójú gíláàsì. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ènìyàn lè fojú rí ìdákẹ́jẹ́.

Iná dé, irun padà. Mo fa ṣájà yọ, irun lọ. Mo tún fi í sójú iná, irun dé. Mo ṣe é tó ìgbà mẹ́wàá. Ṣájà tí mo rà ní Circle ló ń pariwo. Inú ilé tèmi ni ariwo ti ń wá, mo wá gbé e kọ́ ẹlòmíràn lọ́rùn. Mo da agolo mílíìkì sílẹ̀ títí mo fi rí kapásítọ̀ Yákúbù. Tuntun ni. Nọ́ńbà ara rẹ̀ ń dán, kò sí ibi tó ti wú. Okùn maikirofóònù tó ti já nínú rọ́bà rẹ̀ ló ń mú ẹ̀rọ ẹgbẹ́ kùn látìbẹ̀rẹ̀.

Mo wọ ọkọ̀ ní Tudu lọ sí Aflao. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, lójú àwọn Ẹ̀wẹ̀ tí kò mọ ohun tó dé bá Alátà méjì, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá. Ó gbé mi dìde, ó fún mi lómi tútù, ó bi mí bí ìwọ àti ìyá rẹ ṣe wà. Ẹnu yà mí sí irú ọkàn tó ní. Nígbà tí mo fẹ́ lọ ló wá sọ èyí tí mi ò lè gbàgbé: "Mo ti dárí jì ọ́, Múfútáù. Ṣùgbọ́n ibí kọ́ lo ti bà mí jẹ́."

Òótọ́ ló sọ. Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, mo dìde, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Àmọ́ alága ti kú, àwọn kan ti padà sí Nàìjíríà, àwọn kan ti kó lọ sí Kumasi. Ogójì ló gbọ́ ẹ̀sùn, bóyá ni méjìlá gbọ́ àtúnṣe rẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Títí di bí mo ti ń wí yìí, bí a bá dárúkọ Yákúbù, a máa ń rí ẹnì kan tí á ní, ṣé èyí tó jí kapásítọ̀ ẹgbẹ́? Mo ra ṣájà mìíràn, mo sì so burúkú náà kọ́ sórí ìṣó lókè bẹ́ǹṣì mi, kí n máa rí i lójoojúmọ́. O bi mí rí pé kí ló dé tí mi ò jù ú nù, mo ní kí o lọ gbálẹ̀. Ó yẹ kí n ti sọ ìtàn yìí fún ọ lọ́jọ́ náà. Ojú ló ń tì mí.

Ìmọ̀ràn mi wá nìyí, ọmọ mi.

Èkíní: kí o tó fi síkóòpù kan ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni, fi imú okùn rẹ̀ kan klípù dúdú tirẹ̀ gan-an, kó jẹ́ pé ara rẹ̀ ló ń wò. Bí irun bá ṣì wà níbẹ̀, ilé rẹ ni ariwo wà, má wá a lọ sílé onílé. Bí inú bá ń bí ọ sí ẹnì kan láyé, ṣe bákan náà fún ọkàn rẹ. Kọ́kọ́ jókòó ti ara rẹ, kí o wò ó bóyá ìwọ lo mú ìbínú náà wọlé.

Èkejì: fa ṣájà yọ, jẹ́ kó lo bátìrì. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é ní àgbéléwọ́ nìyẹn, kó lè dá dúró. Bí bátìrì rẹ̀ bá ti gbó, ra òmíràn.

Ẹ̀kẹta: okùn dúdú tó ní eyín ọ̀nì yẹn gùn jù. Bó bá ti ká róbótó báyìí, á máa gbá gbogbo ariwo tó ń fò kọjá mú. Yọ ọ́, lo sípíríìnì kékeré tó wà nínú àpò rẹ̀, kí ọ̀nà kúrú. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ọ̀nà kúrú láàárín ìwọ àti Ẹfò Kójò. Òun ni kí o kọ́kọ́ lọ bá, kì í ṣe ọ̀gá yín. Ọ̀rọ̀ tó bá gba ẹnu ẹni mẹ́ta kọjá á ti hu irun kó tó dé ibi tó ń lọ. Àgbà ni, àlejò sì ni ìwọ. Kúnlẹ̀ kí i, bó ti wù kí Ho jìnnà sí ilé wa tó.

Lẹ́yìn ìyẹn, máa pa ohun tó wà nítòsí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, gílóòbù, fóònù rẹ, fáànù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo wí, mo mọ̀ ọ́, ìwọ á fẹ́ pa gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bọ́tìnnì kan tún wà lára síkóòpù tó ń gé ariwo kúrò lójú. Má tètè tẹ̀ ẹ́. Egbò tí a fi aṣọ bò kò tíì jinná.

Mi ò ka iye mọ́. Bí o bá ṣe gbogbo èyí tí irun kò lọ, nígbà náà kọ ìwé rẹ, kí o sì fọwọ́ sí i gàdàgbà. Má wojú àgbà kankan. Èmi, rédíò ni mo fi gbogbo ayé mi tún ṣe. Bí rédíò bá kú, a ó lọ gbọ́ ti aládùúgbò. Ohun tí ọwọ́ rẹ wà lára rẹ̀ báyìí, ọmọ tí wọn kò tíì sọ lórúkọ ló ń sùn nínú rẹ̀. Mo máa ń rò ó lórí àdúrà, pé ọmọbìnrin mi tó ń fi sódà tí a fi ń jó wáyà pọ̀ ṣeré lẹ́sẹ̀ mi, òun ni ooru ń ti ọwọ́ rẹ̀ dé ara ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀rù iṣẹ́ rẹ ń bà mí, ó sì ń wú mi lórí.

Mo dá gègé dúró níbí. Mo fẹ́ lọ já ṣájà yẹn wálẹ̀ lórí ìṣó, kí n dì í mọ́ lẹ́tà yìí, kí o lè fojú ara rẹ rí ohun tó ṣe bàbá rẹ.

Mo ti dé. Ìṣó náà ṣófo.

Mo wá abẹ́ bẹ́ǹṣì, mo wá inú agolo, mo pe ìyá rẹ. Òun ló rán mi létí. Àárọ̀ ọjọ́ tí ò ń lọ sí Ho, iná ti lọ, ọkọ̀ ń fọn fèrè lójú títì, èmi sì ń sáré di ẹrù rẹ. Èmi fúnra mi ni mo nawọ́ sókè, mo fa ṣájà tí ọwọ́ mi kọ́kọ́ bà, mo dì í sínú àpò síkóòpù. Mo ṣí dúrọ́ọ̀, èyí tó dára sùn síbẹ̀.

Látàárọ̀ ni mo ti ń kọ́ ọ pé kí o bi ẹ̀rọ rẹ léèrè, mi ò sì bi tèmi. Ọlọ́run tóbi. Ọdún mélòó lèyí, ṣájà kan náà, ariwo kan náà, ó fò láti orí ìṣó mi ní Darkuman lọ bá Ẹfò Kójò tí mi ò mọ̀ rí, tí kò sì mọ̀ mí. Má bínú sí mi, Àṣàkẹ́. Gbogbo ìbáwí tó wà lókè yìí, èmi ló tọ́ sí.

Ṣájà tó dára ló wà nínú lailọ́ọ̀nù tí awakọ̀ gbé wá, mo so òwú pupa mọ́ ọn. Ṣitọ́, ata díndín tí o fẹ́ràn, ni ìyá rẹ fi sínú ike. Fa burúkú yẹn yọ kí o tó jẹun, lẹ́yìn náà pe Ẹfò Kójò, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ wo ojú ẹ̀rọ náà pọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ bi ọ́. Yàtọ̀ sí èmi, ta lo ti sọ ọ́ fún? Bó jẹ́ nọ́ọ̀sì ni, bó jẹ́ ẹni tó ń ta wàákyè, ìrẹsì ẹlẹ́wà, lẹ́nu géètì ni, tí ìlà náà bá mọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ gan-an ni kí o padà lọ, lónìí, kí wọ́n tó tú ká.

Èmi ni bàbá rẹ,
Múfútáù oní-síkóòpù.